Yẹ̀kínì Awakọ̀, Lórí Omi àti Lórí Ilẹ̀

Ní Addo, ìlú wa tó wà létí ọ̀sà nítòsí Ajah, kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, ẹni tó bá ní òun ń lọ wọkọ̀ kò ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí omi ló ń lọ. A mọ mọ́tò o. Ó wà ní Èkó, àwọn kan nínú wa sì ti wọ̀ ọ́ rí, ṣùgbọ́n mọ́tò là ń pè é. Ọkọ̀ ni èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó ń léfòó lórí ọ̀sà. Awakọ̀ ni ẹni tó jókòó sí ìdí rẹ̀, tó mú àjẹ̀ dání, tó ń fi wa omi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi ta ẹní, awakọ̀ tó máa ń gbé wa lọ sí Èbúté Èrò ní Èkó ni Yẹ̀kínì Ọ̀ṣuntọ́lá. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun àti ìyàwó rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìdílé Ọ̀ṣuntọ́lá kò ní oko tó pọ̀. Omi ni oko wọn. Bàbá Yísà, tó bí Yẹ̀kínì, jẹ́ ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ yòókù lọ, bí ti àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wakọ̀ ṣe máa ń rí. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n fi igi àràbà gbẹ́ fún bàbá rẹ̀ ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Ẹní, àgbọn, gàrí àti ẹja yíyan ni wọ́n ń kó lọ sí Èkó. Iyọ̀, aṣọ àti kẹrosíìnì ni wọ́n ń kó bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, wọn a ta ìgbòkun. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, ó di ọwọ́ apá.

Ọ̀nà tí Bàbá Yísà gbà kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ yìí yàtọ̀. Kò kọ́kọ́ mú un lọ sétí omi. Ẹ̀yìnkùlé ló mú un lọ, ó fún un ní ọkọ́, ó ní kó wa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí. Nígbà tí ó ti wà á díẹ̀, bàbá rẹ̀ dá a dúró.

"Ṣé o rí i pé o kì í na ilẹ̀?" Bàbá Yísà ní. "O ń wà á ni. Ọkọ́ á kọ́kọ́ wọlé, kó tó di pé o fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní wíwa ọkọ̀. Ẹni tó bá ń na omi, omi á máa ta sí èrò lára, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan."

Mi ò lè búra pé bí àwọn àgbà ìṣáájú ṣe rí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Addo, bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn rẹ̀.

Inú ọkọ̀ yẹn náà ni Yẹ̀kínì ti rí ìyàwó. Sìlífátù jẹ́ ọmọ Langbasa, ẹja ni ìyá rẹ̀ ń yan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ká wa mọ́ àárín ọ̀sà, gbogbo àwa obìnrin fi ìborùn bo orí, a sì tẹrí ba. Sìlífátù nìkan ló wá igbá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi jáde. Kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Yẹ̀kínì bi í pé, "Ta ló kọ́ ẹ láti gbọ́n omi ọkọ̀?"

"Ta ló fẹ́ rì?" Sìlífátù dá a lóhùn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀, ó lọ.

Ọdún yẹn kò parí tí wọ́n fi so yìgì.

Bí ayé wọn ṣe ń lọ nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Ogun abẹ́lé wá, ó lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí ọ̀sà, ẹrù sì ń dín kù lọ́wọ́ Bàbá Yísà àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ wọ́n kò fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé ìjọba fẹ́ la ọ̀nà láti Èkó gba iwájú Ajah kọjá títí dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ń la ọ̀nà náà pàgọ́ sí Igbó Ẹfọ̀n. Wọ́n kó ẹ̀rọ ńláńlá wá, ariwo rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ọkùnrin kan dìde ní mọ́ṣáláṣí Addo. Dúró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìhà Ọ̀yọ́ ni, òun sì ni olórí àwọn tó ń wa mọ́tò fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Kì í ṣe mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ó ti gba àyè lọ́wọ́ Lèmọ́mù láti bá wa sọ̀rọ̀.

"A ń wá awakọ̀," ó ní. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà dáadáa, kó wá rí mi ní Igbó Ẹfọ̀n ní ọjọ́ Mọ́ńdè."

Ní ìlú tí Dúró ti wá, ojúmọ́ kan ò mọ́ kí wọ́n rí ọ̀sà. Awakọ̀ tí òun mọ̀ ni ẹni tó di sítíárìn mú. Bí àwa ṣe gbọ́ ọ kọ́ nìyẹn. Ohun tó wá sọ́kàn wa ni pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gba orí omi kó igi àti òkúta wá fún wọn, ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé a ti ń rí i tí ẹrù wọn ń gba ọ̀sà wá. Àwọn kan kí Yẹ̀kínì kú oríire kí ó tó kúrò ní mọ́ṣáláṣí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Yẹ̀kínì wẹ̀, ó wọ bùbá funfun, ó yan èyí tó dára jù nínú àwọn àjẹ̀ rẹ̀. Ó wakọ̀ dé ibi tí omi gbé e dé, ó so ọkọ̀ mọ́ igi, ó sì gbé àjẹ̀ lé èjìká, ó rìn dé àgọ́ wọn. Àwọn ọkùnrin mìíràn ti tò síbẹ̀. Nígbà tó kàn án, Dúró wo àjẹ̀ yẹn.

"Ọ̀gá, ẹ ní ẹ ń wá awakọ̀," Yẹ̀kínì ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Níbo lo ti wakọ̀ rí?"

"Láti Addo dé Èbúté Èrò. Mo máa ń lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ ní òdì kejì ọ̀sà náà."

Dúró rò ó díẹ̀. Kò mọ ọ̀nà mọ́tò kankan tó so Addo pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀dẹ̀. "Irú ọkọ̀ wo ni? Ṣé Bẹ́dífọ́ọ̀dù ni?"

"Àràbà ni."

"Àràbà?"

"Igi àràbà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kì í jò."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Dúró náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó nu ojú tán ló rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

"Má bínú," ó ní. "Lọ́dọ̀ tiwa, awakọ̀ ni ẹni tó ń wa mọ́tò."

"Lọ́dọ̀ tiwa," Yẹ̀kínì ní, "ẹni tó ń wa mọ́tò ni dírẹ́bà."

"Mo ti gbọ́. Ṣé o lè gbé ṣọ́bìrì?"

Yẹ̀kínì sọ fún mi pé ìbá wù òun láti yí padà lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé àjẹ̀ yẹn padà wọ Addo láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́ ìtàn ọ̀hún kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nítorí náà ó ní òun lè gbé e. Wọ́n fi ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́, ó sì fi àjẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀yìn àgọ́. Bí ó ṣe di lébírà níbi tó ti wá gba iṣẹ́ awakọ̀ nìyẹn.

Ó lè jẹ́ pé lébírà náà ni ì bá ṣe títí ọ̀nà fi parí, bí kì í bá ṣe ti Sìmbíátù. Sìmbíátù jẹ́ ọmọ Langbasa, ó máa ń gbé ìrẹsì wá tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Igbó Ẹfọ̀n, ọkàn Dúró sì ti fà sí i. Nígbà tí òjò dé, ẹsẹ̀ kò lè gba ọ̀nà Langbasa mọ́, ẹrẹ̀ ti gbà á. Dúró bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yẹ̀kínì lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ òjò, ó ń sọ̀rọ̀ yanrìn, kí ó tó dé ibi tó ń lọ.

"Ṣé ọkọ̀ rẹ yẹn ṣì wà?"

"Ó wà."

"Mo fẹ́ kó o gbé mi dé Langbasa. Mi ò wọ̀ ọ́ rí."

Yẹ̀kínì gbé e. Ọkùnrin tó ń wa típà lórí ẹrẹ̀ láìbẹ̀rù jókòó sí àárín ọkọ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá fì, yóò béèrè pé ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Yẹ̀kínì ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí ẹsẹ̀ Dúró kan ilẹ̀, ó ní kí ni òun lè ṣe fún un.

"Ẹ kọ́ mi ní tiyín," Yẹ̀kínì ní.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Dúró ń kọ́ ọ, lórí apá ọ̀nà tí wọ́n ti ro tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí. Kò rọrùn. Lórí omi, bí o bá fẹ́ kí imú ọkọ̀ yà sí ọ̀tún, apá òsì ni wàá ti wà á. Èyí ti wọ Yẹ̀kínì lára tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ronú kó tó ṣe é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó sí ìdí típà, òkìtì yanrìn kan wà lápá ọ̀tún, Dúró ní kó yà sí òsì, Yẹ̀kínì sì yí sítíárìn sí ọ̀tún, ó wa típà lọ bá òkìtì náà ní tààrà. Ọ̀rọ̀ bíréèkì náà tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ omi kì í dúró lójijì. Ó yẹ kí awakọ̀ ti gbé àjẹ̀ sókè kí èbúté tó súnmọ́, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa yọ́ lọ. Yẹ̀kínì á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí èyí tó ń mú típà sáré nígbà tí ibi tó ń lọ ṣì jìnnà, típà á sì dúró sáàárín ọ̀nà, Dúró á ní, "Ta là ń dúró dè?"

Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, Yẹ̀kínì ti mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n fún un ní lísẹ́nsì, wọ́n sì fún un ní típà. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́sí, ó ti rí i gbà báyìí.

Ìròyìn náà dé etí Bàbá Yísà. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ òun wá. Sìlífátù wà níbẹ̀, òun ló sì sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ fún mi.

"Wọ́n ní o ti di awakọ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n," Bàbá Yísà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọkọ̀ wo lo ń wà?"

"Típà ni, Bàbá. Yanrìn ló ń kó."

"Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Táyà ni."

"Lábẹ́ táyà ńkọ́?"

"Ilẹ̀."

"Bí o bá gbé e kalẹ̀, ṣé o gbọ́dọ̀ so ó mọ́ nǹkan?"

"Rárá, Bàbá."

"Bó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kí ló máa ṣe àwọn tó wà nínú rẹ̀?"

"Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ ni, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn."

"Ohun tí èèyàn lè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ kó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé," Bàbá Yísà ní, "ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀."

Yẹ̀kínì gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ó ní bí àwọn ará òkè ṣe ń pè é nìyẹn, pé èyí tó ń gba ojú irin pàápàá, ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń fò lójú òfuurufú náà, ọkọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ mi orí.

"Wọn ò ní omi, wọ́n wá yá orúkọ lọ́wọ́ wa. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọmọ olómi ni ẹ́. Máa jẹ́ dírẹ́bà. Fi awakọ̀ sílẹ̀ fún wa."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó sì pa àṣẹ náà mọ́. Ní ilé, dírẹ́bà ni ó ń pe ara rẹ̀. Bó bá ti kọjá Ajah, ó di awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ kì í gbọ́ àṣẹ bàbá ẹnikẹ́ni, ṣá. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà náà tán tí mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín, ohun tí a ń sọ létí omi ni a kó lọ sí orí ọ̀dà láìmọ̀. A ní a fẹ́ wọkọ̀. A ní èrò ti kún. Ibi tí mọ́tò ti ń dúró ní ìta Ajah di ibùdókọ̀. Bí ẹnì kan bá délé láti Ọbáléndé, ó ní òun ti gúnlẹ̀ láyọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ọmọ Yẹ̀kínì obìnrin, Mùínàt, ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé wọ́n kọ́ àwọn nípa ọkọ̀ ojú omi.

"Èwo ni ọkọ̀ tí kò sí lójú omi?" Bàbá Yísà bi í.

Ọmọ náà ka gbogbo wọn fún un bí olùkọ́ ṣe kà á. Bàbá Yísà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ohun tó jẹ́ ọkọ̀ láìní àfikún ní ọjọ́ gbogbo ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì kún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Yẹ̀kínì ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà nígbà yẹn. Alhaja Sàdíátù, tó ń ta aṣọ ní Ajah, ra bọ́lẹ̀kájà kan, ó sì fi lé e lọ́wọ́, kó máa gbé èrò láti Ajah lọ sí Ọbáléndé. Kò sí ìyàtọ̀ nínú àwọn èrò rẹ̀ sí ti àtijọ́. Àwa kan náà ni, ẹní wa àti àgbọn wa kan náà. Ọ̀nà omi ń gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ wa, ti ilẹ̀ kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an wà lára àwọn tó kúrò létí omi.

Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun, Sìlífátù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ jókòó sí ìdí ọkọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sì rí ẹnì kan gbé.

"Àwọn èrò Bàbá lo ń kó," ó ní.

"Èmi kọ́ ni mo la ọ̀nà."

"Mi ò sọ pé ìwọ lo là á."

Yẹ̀kínì ṣan ọwọ́, ó dìde nídìí oúnjẹ. Nígbà tó ṣe, ó lọ bá àwọn alágbọn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kó ẹrù wúwo fún bàbá òun, kí àwọn fúnra wọn máa wọ mọ́tò. Wọ́n gbà. Fún oṣù bíi mélòó kan, ọkọ̀ àràbà ń kó àgbọn lọ sí Èkó, ara Bàbá Yísà sì yá gágá. Ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn èèyàn ti ń padà sórí omi.

Obìnrin alágbọn kan ló tú àṣírí náà. Kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ó kàn ń yin Yẹ̀kínì lójú bàbá rẹ̀ ni, pé ọmọ gidi ni, pé òun ló lọ kúnlẹ̀ bẹ àwọn alágbọn nítorí bàbá rẹ̀. Bàbá Yísà ní kí ó gbé àgbọn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn gbé ti wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ó tú u, ó ní òun ń lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ lọ wá èrò fúnra òun. Àwọn tó wà létí omi fi ojú ọ̀run hàn án, afẹ́fẹ́ ti ń gbé omi. Ó ní òun ti rí ìyẹn kí wọ́n tó bí wọn.

Kò dé Ìjẹ̀dẹ̀. Ìgbì yí ọkọ̀ náà dà ní àárín ọ̀sà. Ọkọ̀ àràbà kì í rì, nítorí náà ó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe dojú dé, títí àwọn apẹja Badore fi rí i ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ náà tẹ̀lé e.

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ibà mú un, ikọ́ sì wá, àyà ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ajah wò ó, ó ní kí wọ́n má fi falẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Èkó. Àárọ̀ ni. Bọ́lẹ̀kájà Yẹ̀kínì wà níwájú ilé, kò tíì jáde. Àwọn ọmọ ẹbí tó ń wakọ̀ náà ti pésẹ̀, wọ́n ní àwọn mẹ́rin á wà á, ó máa yá.

Bàbá Yísà la ojú. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ẹ gbé mi wọkọ̀," ó ní.

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Sìlífátù wo ọkọ rẹ̀. Yẹ̀kínì mọ ọkọ̀ tí bàbá òun ń sọ, kò sí ìgbà kan tí kò mọ̀ ọ́n. Ó wo ìhà etí omi, afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ láti ìhà Èkó, ìyẹn ni pé òdì ni wọ́n á máa wà á sí. Ó wo bí àyà bàbá rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

"Ẹ gbé wọn síbí," ó ní, ó sì ṣí ẹ̀yìn bọ́lẹ̀kájà.

Ẹbí rẹ̀ kan ní, "Yẹ̀kínì, o mọ ohun tí Bàbá ń sọ."

"Ọkọ̀ ni Bàbá ní," Yẹ̀kínì dáhùn. "Ọkọ̀ rèé."

Wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín àwọn bẹ́ǹṣì, Sìlífátù gbé orí Bàbá lé itan. Wọ́n ti ń sún mọ́ Igbó Ẹfọ̀n nígbà tí Bàbá Yísà bi í pé ibo ni wọ́n dé. Ó sọ fún un.

"Omi kò gba Igbó Ẹfọ̀n," Bàbá Yísà ní.

Bàbá wá pe ọmọ rẹ̀ tó ń wa mọ́tò.

"Yẹ̀kínì."

"Bàbá."

"Kí ni mo ní kí wọ́n gbé mi wọ̀?"

"Ọkọ̀ lẹ ní, Bàbá."

Yẹ̀kínì sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. "Mo mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn," ó ní. "Èmi ni mo yàn láti gbọ́ ọ bó ṣe wù mí. Mo ń retí kí wọ́n fi mí bú, mo sì ti pinnu pé bí wọ́n bá tiẹ̀ fi mí bú, mi ò ní yí padà."

Bàbá Yísà kò bú u. Bọ́lẹ̀kájà bọ́ sínú kòtò kan, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sì mí kanlẹ̀.

"Wà á jẹ́jẹ́," ó ní.

Ìgbà tí wọ́n ti fà á lé àwọn dókítà lọ́wọ́, tí wọ́n jókòó síta, ni Sìlífátù tó sọ pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí Bàbá sọ? Wọ́n ní kó o wà á, bíi pé ọkọ̀ ni." Yẹ̀kínì kò fiyè sí i nígbà tí Bàbá ń sọ ọ́.

Òtútù àyà ni àwọn dókítà pè é. Wọ́n ní ó dára tí wọn kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Yísà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ sì bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ní òun ti gba orí ilẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, òun yóò gba orí omi padà gẹ́gẹ́ bí òun ṣe fẹ́. Yẹ̀kínì kò jiyàn. Ó ránṣẹ́ pe Dúró, tó ti fẹ́ Sìmbíátù, tó sì ti kọ́lé sí Langbasa, pé kó wá bá òun wa bọ́lẹ̀kájà padà sí Ajah. Àwọn ìbátan wọn gbé ọkọ̀ àràbà, tí wọ́n ti tún ṣe, wá sí Èbúté Èrò. Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ láti ìhà Èkó, ó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Yẹ̀kínì nìkan ló jókòó sí ìdí ọkọ̀.

"Apá rẹ ti rọ̀," bàbá rẹ̀ sọ fún un kí wọ́n tó dé àárín ọ̀sà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà á, Bàbá."

"Mo rí i." Ó ń wo omi. "Ọ̀nà ilẹ̀ yára. Mi ò jiyàn ìyẹn. Bí wọ́n bá ti fi omi gbé mi lọ́jọ́ yẹn, bóyá ì bá ti burú. Ṣùgbọ́n má tún lọ tọrọ èrò fún mi mọ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Bí mo bá fẹ́ jókòó sí ìdí ọkọ̀ tó ṣófo, jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀."

Ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀ sí i. Kò gbé èrò lọ sí Èkó mọ́. Ó máa ń gbé àwọn tó bá fẹ́ kọjá sí ìlú tó súnmọ́, bí ọjọ́ bá dára. Nígbà tó kú, inú ilé rẹ̀ ló kú sí, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Yẹ̀kínì ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà fún àwọn tó ń kọ́lé ní Lekki. Ó dùn ún láti tà á, ṣùgbọ́n ó ní ó sàn kí ó ṣiṣẹ́ ju kí ó jẹrà sétí omi lọ.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1988, mo gbé ẹní mi lọ sí ibùdókọ̀ Ajah. Àwọn tó kéré sí i níbẹ̀ ń pe Yẹ̀kínì ní Bàbá Awakọ̀. Mo bi í pé ṣé ti omi ni wọ́n ń sọ, tàbí ti ilẹ̀. Ó ní òun kò bi wọ́n rí, pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé òun ti wakọ̀ lórí omi rí. Lẹ́yìn náà ó gun orí mọ́tò lọ wo ẹrù mi, ó ní mi ò dì í dáadáa, kí n tún okùn ẹní náà so kí a tó lọ.